A Kì í Pa Igún: Ọ̀rọ̀ Ẹyẹ Odò Ẹran Agége

Odò ẹran Oko-Ọba ní Agége kì í sùn. Màlúù tí wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé kó wá láti òkè Ọya ń sọ̀ kalẹ̀, alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ, àwọn tó ń sun pọ̀nmọ́ ń koná mọ́ táyà, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ẹran sì ń bá gọ́tà lọ. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹran tí wọ́n ń jẹ ní Agége, Ìkẹjà, Ògbà àti Ìfàkọ̀ ti ń wá. Olóúnjẹ tó ń bu ìrẹsì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní òpópónà Ọba Akran, bó bá rí ṣàkì àti fùkù dì sí ìkòkò ní ìdájí, ẹ wo apá Oko-Ọba kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Ìgbà kan wà tí odò ẹran kankan ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè wà láìní igún. Wọn a tò sórí páànù láàárọ̀, wọn a na ìyẹ́ sí oòrùn, wọn a máa wo ọwọ́ alápatà. Bí àwọn ènìyàn bá ti kúrò díẹ̀, wọn a bọ́ sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá gbójú sókè ní Oko-Ọba yóò rí lékeléke tó tẹ̀ lé màlúù, yóò rí kànnàkánná, ó sì lè rí àwòdì. Igún ni yóò wá tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Agége mọ òwe tó dá lórí ẹyẹ náà, wọn kò sì tíì fojú kàn án rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn igún tó wà nílẹ̀ Áfíríkà, tiwa yìí, tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Necrosyrtes monachus, wà lára àwọn tó kéré jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ju kílò méjì lọ, síbẹ̀ bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì tán, ó ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ búráùn tó ṣú. Iwájú orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ pá, wọ́n sì mọ́lẹ̀. Láti àtàrí lọ dé ẹ̀yìn ọrùn ló ní ìyẹ́ kéékèèké múlọ́múlọ́, bíi fìlà tí bàbá arúgbó fà sẹ́yìn nígbà tí oòrùn mú. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, awọ ojú náà á máa funfun díẹ̀, kò ní pọ́n. Bó bá kan ìjà lórí ẹran, ẹ̀jẹ̀ á sáré wá síbẹ̀, ojú á pọ́n wẹ́ẹ́ lójú ẹsẹ̀, tí ẹni tó dúró nítòsí yóò fi rí i bó ṣe ń yí padà.

Ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò lè fi ya awọ màlúù, kò sì lè bá àwọn igún ńláńlá jà sí òkú ẹran. Ohun tí a fi ẹnu yẹn dá ni kó máa ṣà: ẹran wẹ́wẹ́ tó há sáàárín egungun, ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ awọ, ìfun tó já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ìdí nìyí tí ó fi sún mọ́ ènìyàn. Ní gúúsù Áfíríkà, inú igbó ọba ni irú igún yìí ń gbé, ó sì ń yẹra fún ọmọ aráyé. Ní apá ìwọ̀-oòrùn níbi tí àwa wà, ó di ará àdúgbò. Odò ẹran, ààtàn àti etí òkun níbi tí wọ́n ti ń yọ ẹja ni ilé rẹ̀. Àwọn Hausa tó ń ta màlúù mọ̀ ọ́n dáadáa, ungulu ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ásíìdì inú ikùn igún le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tí yóò ti dá ẹranko mìíràn dúbúlẹ̀, tó fi mọ́ kòkòrò anthrax. Ajá tó jẹ òkú ẹran tó ní àrùn lè kó àrùn náà rìn káàkiri àdúgbò. Bí igún bá jẹ ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà inú rẹ̀ ni àrùn náà ń parí sí. Ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé anthrax ti pa ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, ọ̀pọ̀ odò ẹran ní Nàìjíríà ló ta gìrì, ti Èkó náà sì wà lára wọn. Àwọn dókítà ẹranko ṣe iṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà lórí páànù lọ́jọ́ náà ni kò sí níbẹ̀.

Orí pípá yìí ti bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Igún kò torí abẹ párí, ni àwọn àgbà wí. Wọ́n tún máa ń ṣàdúrà pé igún kì í kú léwe, nítorí ojú àgbà ni wọ́n fi ń wò ó láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ìtẹ́. Ìtàn tó dùn mọ́ mi jù ni èyí tí àwọn babaláwo máa ń sọ nípa ìjà Ilẹ̀ àti Ọ̀run. Àwọn méjèèjì lọ ṣọdẹ, eku ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Ta ni àgbà tí yóò mú un? Ilẹ̀ ní òun ni, Ọ̀run ní òun ni. Ọ̀run bínú, ó ká ọwọ́ òjò kò. Iṣu kò ta, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, odò di ojú ọ̀nà. Ayé kó ẹbọ jọ láti fi bẹ Ọ̀run, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dé òkè? Ẹyẹ yìí kọ̀, ẹyẹ tọ̀hún fò díẹ̀ ó já wálẹ̀. Igún ló gbé e. Ọ̀run gba ẹbọ, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí igún tó sọ̀ kalẹ̀ padà. Ó tutù, ó ń gbọ̀n, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣá a lórí títí irun ibẹ̀ fi re dànù.

Nínú ìtàn yìí, àwọn baba wa jẹ́wọ́ gbèsè. Wọ́n mọ̀ pé ẹyẹ kan wà tó ń kó ohun tí a kò lè gbé kúrò lọ́rùn wa, wọ́n sì mọ̀ pé a kò ṣe é lóore tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé èèwọ̀ kalẹ̀: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Wọ́n tún ní bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Kò sí ẹyẹ mìíràn tí mo mọ̀ tí Yorùbá fi òfin tó ṣe kedere tó báyìí dáàbò bò. (Àkàlàmàgbò tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ọn nínú òwe, ẹyẹ ọ̀tọ̀ gbáà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè wọ́n ní ọ̀kan.)

Òfin náà ṣì wà lẹ́nu wa. Ọwọ́ wa ló ti tú u. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN tó ń ṣírò ẹ̀dá tó kù láyé gbé igún wa yìí lọ sí ìsọ̀rí tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pa run nínú igbó. Onímọ̀ ẹyẹ Darcy Ogada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí igún ilẹ̀ Áfíríkà. Tiwa yìí, wọ́n ní ó ti dín ní nǹkan bí 83 nínú 100 láàrin ìran mẹ́ta, ìyẹn ọdún tó lé ní àádọ́ta. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó pa àwọn igún tí ikú wọn ní àkọsílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, májèlé kó 61 nínú 100, òwò oògùn ìbílẹ̀ kó 29.

Ìṣirò kejì yìí ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí Nàìjíríà wà lára ibi tí òwò náà ti gbilẹ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn lékulẹ́ja nínú ọjà wa. Orí igún ni àwọn oníbàárà ń béèrè jù. Ẹlòmíràn fẹ́ ẹ fún àwúre, ẹlòmíràn fún ààbò lọ́wọ́ ayé, ẹlòmíràn gbà pé ojú igún tó ń rí òkú láti òkèèrè yóò jẹ́ kí òun rí nọ́ńbà tí yóò jáde nínú tẹ́tẹ́. Oògùn apakòkòrò ni ọ̀pọ̀ ọdẹ igún ń dà sórí ẹran kí wọ́n lè rí wọn pa lọ́pọ̀. Ní Guinea-Bissau, láàrin 2019 sí 2020, igún tó ju 2,000 lọ ni wọ́n fi májèlé pa, ọ̀pọ̀ nínú òkú wọn kò sì ní orí mọ́. Bí igún tí májèlé pa bá dé inú ìkòkò àgbo, kò sí ọfọ̀ tó lè yọ májèlé náà kúrò. Ẹni tó ń wá ìlera ló ń mu ún.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Ní ẹ̀wádún 1990, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún màlúù ní diclofenac, oògùn ara ríro tí àwa náà ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á dẹ́kun iṣẹ́. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ju 95 nínú 100 lọ nínú irú igún mélòó kan tó pa run, kí ìjọba tó fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Ajá ìgboro pọ̀ sí i, omi dọ̀tí, dìgbòlugi gbalẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024: nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú láàrin 2000 sí 2005 tí kì bá má kú ká ní igún wọn ṣì wà. Ìdajì mílíọ̀nù, nítorí ẹyẹ tí gbogbo ènìyàn rò pé ó rí wúruwùru.

A kò wà láìní ẹni tó ń gbìyànjú. Nigerian Conservation Foundation, tí olóògbé Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, tó ní ibùdó ní Lẹ́kí, ti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá jókòó kí wọ́n lè fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ A. P. Leventis ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹyẹ. Ní Manila lọ́dún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè fi orúkọ igún yìí sínú ìwé ààbò àwọn ẹ̀dá tó ń ṣí láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ láti 1985. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún igún káàkiri àgbáyé.

Bí ó ti wù kí òfin Àbújá múná tó, mi ò gbà pé òun ni yóò dá igún padà. Àwọn oníṣègùn ni yóò ṣe é. Òfin tí a kọ sí ìwé ìjọba, lékulẹ́ja lè máà tíì rí i rí. Èèwọ̀ igún, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré, babaláwo tó ń rán ènìyàn wá ra orí igún sì mọ èèwọ̀ náà jù ú lọ. Bí ẹgbẹ́ oníṣègùn Agége, Ìkẹjà àti Muṣin bá dìde pé àwọn kò ní kọ orí igún sínú oògùn mọ́, ọjà yóò kú láàrin ọdún díẹ̀, ọdẹ tó wà ní òkè Ọya kò sì ní rí ẹni tí yóò tà á fún.

Ọ̀rọ̀ igi tún wà níbẹ̀. Orí igi gíga ni igún ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Agége tí J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ti di ilé àti ilé-iṣẹ́. Ó ku díẹ̀ nínú àwọn igi àgbà tó wà ní GRA Ìkẹjà àti inú ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọ̀kan nínú wọn, kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin alápatà Oko-Ọba, bí ẹ bá rí igún kan tó balẹ̀ sórí páànù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ lókò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fowó bẹ̀ yín láti mú un. Ẹ̀yin ẹlẹ́ran, ẹ má fi diclofenac tọ́jú màlúù. Ẹ bi dókítà ẹranko léèrè oògùn mìíràn. Ìwọ tí wọ́n bá sì kọ orí igún sínú ohun tí o máa rà wá, padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, ní kó fún ọ ní ewé. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ọmọ rẹ̀ tó lè fò.