Bí Orin Warba Ṣe Lè Di Heavy Metal

Ní Ouagadougou, kíkọ orin olórin kì í ṣe nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nígbà tí Burkina Faso ṣì ń jẹ́ Haute-Volta, àwọn ẹgbẹ́ bíi Harmonie Voltaïque ní Ouagadougou àti Volta Jazz ní Bobo-Dioulasso máa ń fi orin Kúbà, orin Kóńgò àti orin Faransé dá àwọn oníjó lára yá. Amadou Balaké, tó kú ní 2014, kọ warba, orin ìjó àwọn Mossi, ó kọ sálsà, kò sì sẹ́ni tó ní kó mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Thomas Sankara pàápàá, kó tó di olórí orílẹ̀-èdè ní 1983, ta gìtá nínú ẹgbẹ́ kan ní Pô tí wọ́n ń pè ní Tout-à-Coup Jazz. (Ọ̀gá ṣọ́jà tó ń ta gìtá! Ó wù mí kí n ti gbọ́ ọ.)

Àwọn ẹgbẹ́ heavy metal náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Joan Baez rọra kọ "Diamonds & Rust" jáde ní 1975; ní 1977, Judas Priest ti sọ ọ́ di ariwo. Sepultura, ará Brazil, kó orin U2, Massive Attack àti Public Enemy pọ̀ sínú àwo wọn Revolusongs ní 2002. Disturbed náà kọ "The Sound of Silence" ti Simon àti Garfunkel ní 2015. Ká wá ní àwọn ọ̀dọ́ kan gba yàrá ìdánrawò ní Reemdoogo, ọgbà orin tó wà ní àdúgbò Gounghin ní Ouagadougou, tí wọ́n fẹ́ sọ warba kan di heavy metal. Ibo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdí gìtá ni. Ohùn gìtá heavy metal máa ń ha nítorí pé wọ́n ń ti amplifier kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò wá lè gbé ìgbì ohùn náà dé òkè mọ́, ńṣe ló ń gé orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Níbi tó ti ń gé e ni àwọn ohùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ta ti ń yọjú. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé do, mi àti so la máa ń kó pọ̀ kí orin tó kún. Onígìtá heavy metal máa ń yọ mi kúrò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí okùn do bá ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, so yóò máa gbọ̀n ní 165. Amplifier tí wọ́n ti tì kọjá ààlà yóò bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ìyẹn 55, èyí tó jẹ́ do mìíràn nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni ìwúwo tó ń gbá èèyàn láyà ti ń wá, láìjẹ́ pé ẹnì kan ta okùn náà. Ṣùgbọ́n mi wà ní nǹkan bíi 138.6. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí do jẹ́ nǹkan bíi 28.6, kò bá ohùn kankan níbẹ̀ mu, gbogbo rẹ̀ á kàn dàrú.

Mi yìí gan-an ló sì ń sọ bóyá orin dùn tàbí ó banújẹ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, gìtá kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Ohùn akọrin ni yóò pinnu. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí heavy metal lè gba orin láti ibikíbi nìyẹn.

Ti ìlù kò le tó bẹ́ẹ̀. Onílù heavy metal ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìlù ńlá, ó sì lè pín ìlù sí mẹ́ta-mẹ́ta bíi ti ìlù ìjó wa. Kó kàn má fi ẹsẹ̀ dí gbogbo àlàfo ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlù ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní rí ibi fọhùn.

Ohùn ẹnu ni wàhálà wà. Akọrin heavy metal tó ń bú ramúramù ń lo ìṣẹ́po ẹran tó wà lókè tán-án-ná, èyí tí kì í gbọ̀n déédéé, nítorí náà kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Mooré, èdè àwọn Mossi, ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá. Nítorí ẹ̀ ni bendré, ìlù akèrègbè ààfin Mogho Naaba, ọba wọn, fi ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún. Bí wọ́n bá fi ramúramù kọ warba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀nà tó wà ni kí àwọn elégbè kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, kí ramúramù sì wọlé níbi tí etí ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ní Lomé, tí àwo wọn Zã Keli jáde ní 2019 tí Dzikkuh sì tẹ̀ lé e ní 2024, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ní èdè Ewe, tó ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà, wọ́n ń bú, wọ́n ń ráàpù, wọ́n sì ń lé, wọ́n ń gbè.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìwé. Bureau Burkinabè du Droit d'Auteur, BBDA, ló ń rí sí ẹ̀tọ́ olórin ní Burkina Faso láti 1985. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ni orin ń wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn orin tí Balaké fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ kò ní bọ́ lábẹ́ ẹ̀tọ́ yìí kí 2084 tó parí. Orin ìbílẹ̀ tí a kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀ náà kì í ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni lè sọ di tara rẹ̀: òfin kà á sí dúkìá orílẹ̀-èdè.

Ní Amẹ́ríkà, orin tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn lè gbà á sílẹ̀ láìtọrọ àyè, kó ṣáà san iye tí òfin là kalẹ̀, kó má sì yí orin náà padà kọjá ààlà. Ẹgbẹ́ Type O Negative rí ìyẹn nígbà tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ "Summer Breeze" ti Seals àti Crofts padà: àwọn tó ni orin kọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ló padà wọ inú àwo wọn Bloody Kisses ní 1993. Òfin Burkina Faso, tó gba ti Faransé, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá fẹ́ tún orin olórin ṣe ní láti gbàyè, ẹ̀tọ́ olórin pé kí wọ́n má ba iṣẹ́ òun jẹ́ kò sì ní ọjọ́ tí yóò tán.

Nígbà tí orin bá wá ń dún lórí rédíò ní Burkina Faso, apá kan owó jẹ́ ti ẹni tó dá orin sílẹ̀, apá kejì jẹ́ ti àwọn tó kọ ọ́. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á ti kọ orúkọ ẹni tó ni orin sínú ìwé kí wọ́n tó wọ sítúdíò, torí owó kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.