"Unsupported class file major version 61": ẹ ka nọ́ńbà yẹn dáadáa

Ẹni tó bá ti fi Java tàbí Kotlin ṣe project ọdún àṣekágbá rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. App ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ gbé kóòdù lọ sórí GitHub, Actions bẹ̀rẹ̀ build fúnra rẹ̀, kò pẹ́ àmì pupa yọ: "Unsupported class file major version 61". Ọ̀pọ̀ nínú wa á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù wò láti ìlà dé ìlà. Ẹ má dààmú ara yín, kóòdù kọ́ ló fà á.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ká wò. Gbogbo fáìlì .class ló ń gbé nọ́ńbà kan sínú, tó ń sọ ẹ̀yà Java tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ yọ 44 kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kù ni ẹ̀yà Java: 52 jẹ́ Java 8, 55 jẹ́ Java 11, 61 jẹ́ Java 17, 65 jẹ́ Java 21. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irinṣẹ́ kan pàdé fáìlì Java 17, kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Irinṣẹ́ wo? Gradle ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Java 17 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Gradle 7.3 ló sì kọ́kọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí project yín bá ṣì ń lo Gradle 7.2, tí Java 11 wà lọ́dọ̀ yín, tí Java 17 sì wà lórí kọ̀ǹpútà GitHub, ìjà dé nìyẹn. Java 21 ní tirẹ̀ ń fẹ́ Gradle 8.5.

Àmọ́ ẹ má sáré gbé ohun gbogbo lọ sí ẹ̀yà tuntun o. Android Gradle Plugin 8.0 kò gba JDK tó kéré sí 17, ó sì ń fẹ́ Gradle 8.0. Ẹ gbé ọ̀kan sókè, òmíràn á fárígá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni `./gradlew --version`. Yóò sọ ẹ̀yà Gradle àti ti Java tó ń lò. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tún fi í sínú workflow ṣáájú build, kí ẹ wá fi èsì méjèèjì wéra. Inú terminal ni kí ẹ ti ṣe é, torí Android Studio ní Java tirẹ̀ tó gbé wá, ó lè yàtọ̀ sí èyí tí JAVA_HOME ń tọ́ka sí.

Bí ẹ bá ti mọ èyí tó yàtọ̀, ẹ kọ ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ nínú project fúnra rẹ̀. Ti Gradle wà ní ìlà distributionUrl nínú gradle-wrapper.properties. Ti Java, ẹ lo setup-java nínú workflow, kí ẹ kọ java-version: '17' sí i. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, èyí tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà GitHub lẹ máa gbà, ubuntu-latest kì í sì í dúró sójú kan: bí Ubuntu tuntun bá dé, orúkọ yẹn á ṣí lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí build tó yege lóṣù tó kọjá fi lè kùnà lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù.

Ẹ sì rántí dátà yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí distributionUrl sí ẹ̀yà tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà yín, Gradle odindi lẹ máa gbà sílẹ̀, ó sì ju 100 MB lọ.