Nígbà Tí Ọwọ́ Ọ̀tá Bá Tẹ Ọba

Àwọn ọ̀dọ́ a máa jiyàn púpọ̀ lórí èyí tí ó lágbára jùlọ nínú àwọn ìjọba ńlá ayé àtijọ́. Bí a bá fi ìbú ilẹ̀ dá a lẹ́jọ́, àwọn Mongol ti borí, nítorí kò sí ìjọba mìíràn tí ilẹ̀ rẹ̀ so kọ́ra lọ bẹẹrẹ tó tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba wọn Möngke kú ní ọdún 1259, méjì nínú àwọn àbúrò rẹ̀ dojú ìjà kọ ara wọn, ilẹ̀ náà kò sì ṣe ọ̀kan mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè mìíràn ni àwa fẹ́ bi yín: kí ni í ṣẹlẹ̀ sí ìjọba kan ní ọjọ́ tí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ ọba rẹ̀?

Ẹ wo àwọn Inca ilẹ̀ Pẹ̀rú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọn kò ní ẹṣin, wọn kò lo kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn kò sì ní ìwé kíkọ. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n là gba orí òkè Andes gùn tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Àwọn asáréjíṣẹ́ ń dúró nínú ahéré lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹnì kan ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ẹnì kejì tí ó sì ń sáré lọ. Okùn tí a ta ní kókó ni wọ́n fi ń ka iye ènìyàn àti iye oúnjẹ inú àká. Ẹni tí ó bá mọ àrokò nílẹ̀ wa kò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọba nìkan ni gbogbo rẹ̀ ń wò, ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ Oòrùn. Ní ọjọ́ 16 oṣù November, ọdún 1532, Francisco Pizarro ará Sípéènì mú Atahualpa ní Cajamarca. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò tó 200. Inú ìdè ni ọba náà ti ń pàṣẹ, àṣẹ náà sì ń ṣẹ. Ibẹ̀ ni ó ti ní kí a pa Huáscar, arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ du oyè. Ẹni tí ó mú un ni ó wá di olórí ilẹ̀ náà. Atahualpa ṣèlérí láti fi wúrà kún yàrá kan kí a lè dá a sílẹ̀. Wúrà náà dé, wọ́n sì pa á ní ọdún 1533. Ìyókù ìdílé ọba jà nínú igbó Vilcabamba títí di ọdún 1572, ṣùgbọ́n ìjọba náà kò bọ̀ sípò mọ́.

Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ ti bá Róòmù rí. Ní ọdún 260, Shapur ọba Páṣíà mú Késárì Valerian láàyè. Shapur gbẹ́ àwòrán ìṣẹ́gun yìí sára àpáta, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Valerian kò padà wálé. Ilẹ̀ Róòmù mì, àwọn apá kan tilẹ̀ ya kúrò. Ṣùgbọ́n Gallienus ọmọ rẹ̀ ti ń bá a jọba tẹ́lẹ̀, àwọn adájọ́ ń dájọ́, àwọn ọmọ ogun sì mọ bí a ti í fi ẹlòmíràn jẹ Késárì (wọ́n tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù). Nígbà tí yóò fi di ọdún 274, Aurelian ti so ilẹ̀ náà pọ̀. A rò pé òfin Caracalla ti ọdún 212 ní ọwọ́ nínú èyí, tí ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí kì í ṣe ẹrú di ọmọ Róòmù, ìbáà ṣe ará Íjíbítì. Ẹrú kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn wó ní ọdún 476, ti ìlà-oòrùn sì dúró ní Constantinople títí di ọdún 1453.

Ọ̀yọ́ ńkọ́? Níbẹ̀, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì lè fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin pé kí ó kú. Baṣọ̀run Gáà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ju ọba kan lọ kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774, ilẹ̀ ọba náà kò sì fọ́. Ìgbà tí àwọn ìjòyè kò gbọ́ ti ara wọn mọ́, tí Àfọ̀njá ní Ìlọrin kọ̀ láti sin Aláàfin, ni ó fọ́. Lẹ́yìn tí Olúẹwu ṣubú lójú ogun, Àtìbà gbé oyè náà lọ sí Àgọ́-Ọjà, Ọ̀yọ́-Ilé sì di igbó.