Ní Òtígbá, A Wá Mọ́nítọ̀ Tí Kì Í Fa Ìrù

Àárọ̀ Sátidé ni èmi àti àbúrò mi já sí òpópónà Òtígbá, ní Computer Village, Ìkẹjà. Counter-Strike 2 ló ń gbá, ẹjọ́ kan náà ló sì máa ń rò fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó rí wọn, wọ́n á ti yìnbọn pa mí." Mo pè é ní àwáwí títí mo fi ṣírò rẹ̀. Mọ́nítọ̀ 60Hz tó ń lò nílé ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó tó mú ọ̀kan wá, ti ẹni tó ní 240Hz ti mú mẹ́rin wá.

Ṣùgbọ́n Hz nìkan kọ́. Irú páńẹ̀lì inú rẹ̀, VA, TN, OLED tàbí IPS, ló ń sọ bóyá àwòrán á mọ́ tàbí á fà.

"Ọ̀gá, ẹ wo dúdú ẹ̀!" Ọmọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ nìyẹn. VA ni, ó tẹ̀ bí ọrun, fídíò ẹja inú òkun ló ń lọ lójú rẹ̀. Kò kúkú parọ́: dúdú VA sábà máa ń jinlẹ̀ ju ti IPS lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Àbúrò mi ti ń tọwọ́ bọ àpò. Mo ní kí wọ́n pa ẹja, kí wọ́n ṣí ojú ìwé dúdú tí lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, kí wọ́n máa fà á lọ fà á bọ̀. Làwọn lẹ́tà bá ń fa ìrù, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ pa tàdáwà tí kò tíì gbẹ. Láti dúdú bọ́ sí eérú ni VA ti máa ń lọ́ra jù, irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀tá sì ń lúgọ sí. Àwọn kan yá nínú wọn (Samsung Odyssey G7 tọdún 2020 gbìyànjú), eléyìí ò sí lára wọn.

Ní ìsọ̀ kejì, tòkunbọ̀ la bá: BenQ Zowie, TN, 240Hz, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ha. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń to irú rẹ̀ sórí pèpéle ìdíje Counter-Strike. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Mo lóṣòó, mo wò ó láti ìsàlẹ̀: dúdú ń di funfun, bíi fíìmù fọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí gbá géèmù ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tówó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, tó jẹ́ ìbọn yíyìn nìkan ló bá wá, kó rà á, ojú ò ní tì í.

OLED kan wà nínú àpótí gíláàsì. Ìyẹn ló yá jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ àwòrán tó bá pẹ́ lójú kan, bíi máàpù tó máa ń wà ní igun géèmù, lè wọnú ẹ̀ lọ títí láé. Àtúnṣe tó ń ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tá a bá pa á ló ń dín èyí kù, iná ló sì fi ń ṣe é. Iná àdúgbò wa kì í dúró de àtúnṣe ẹnikẹ́ni. A kọjá.

IPS la rà. Látìgbà tí LG ti gbé 27GL850 jáde lọ́dún 2019 ni irú rẹ̀ ti ń lé TN bá. Tiwa jẹ́ 240Hz, wọ́n kọ "1ms", ìyẹn àkókò tí àwọ̀ fi ń yí padà, gàdàgbà sára páálí. Mo gbé overdrive rẹ̀, sẹ́tìn tó ń mú páńẹ̀lì yára, dé òpin: òjìji funfun kan ń tẹ̀ lé lẹ́tà lẹ́yìn bí iwin. Mo dá a padà sáàárín, ó lọ. Ibi tó ti ń jẹ́ 1ms yẹn náà ló ti ń ba àwòrán jẹ́.

Ó ku ká sanwó ni mo wo sẹ́tìn Windows: 60Hz! Wáyà HDMI àtijọ́ ni wọ́n fi so ó. A wá wáyà DisplayPort, a fọwọ́ ara wa yan 240. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń yí máòsì kiri.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú wáyà tiyín dání, ẹ má sì sanwó fún mọ́nítọ̀ tó jẹ́ ẹja nìkan ni wọ́n fi hàn yín.