Bí Ìkarahun Inú Ẹrẹ̀ Òkun Ṣe Di Ìwé Ìtàn Ojú Ọjọ́

Lọ́dún 1947, Harold Urey, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Chicago, gbé àbá kan jáde: ó ní a lè mọ bí òkun àtijọ́ ṣe gbóná tó láti ara ìkarahun ẹ̀dá tó gbé inú rẹ̀. Ọ́síjìn kì í ṣe oríṣi kan. Ọ́síjìn 16 tó fúyẹ́ ló pọ̀ jù, ọ́síjìn 18 tó wúwo kò tó nǹkan. Bí omi bá ṣe ń tutù sí i nígbà tí ẹ̀dá ń mọ ìkarahun rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wúwo á ṣe máa pọ̀ sí i nínú ìkarahun náà.

Cesare Emiliani, ọmọ Bologna ní Ítálì, ló gbé àbá náà dé ìsàlẹ̀ òkun. Fọraminífẹ́rà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀dá oníhóró kan ṣoṣo ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju iyanrìn lọ, síbẹ̀ wọ́n ń fi ẹfun kọ́ ilé ara wọn. Bí wọ́n bá kú, ilé náà á rì, á sì di ara ẹrẹ̀. Nínú agbami, ẹrẹ̀ yìí lè má ga ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ láàárín 1,000 ọdún, nítorí náà ẹrẹ̀ mítà mélòó kan ti kó ọ̀pọ̀ ọdún mọ́ra. Àwọn ará Sweden tó wọ ọkọ̀ ìwádìí Albatross lọ́dún 1947 sí 1948 ní irin gígùn tí Börje Kullenberg ṣe, tó ń fa ẹrẹ̀ jáde láì da ìpele rẹ̀ rú. Ìgbà tí Emiliani wọn ìkarahun inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kéde lọ́dún 1955 pé ìgbà òtútù ńlá tó ti kọjá lórí ayé ju mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yúróòpù ń kà lọ.

Ibi tí ìtàn yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nicholas Shackleton tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe títí tó fi lè wọn ìkarahun ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí pé fọraminífẹ́rà tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun kì í pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó wá fi ti ìsàlẹ̀ wé ti òkè omi. Omi ìsàlẹ̀ agbami ti tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi kù díẹ̀ kó dì, títí di òní olónìí. Bó bá jẹ́ òtútù nìkan ni ìkarahun ń sọ, ti ìsàlẹ̀ kò yẹ kó yí padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ ń yí padà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà.

Yìnyín ló fà á. Omi tó ní ọ́síjìn fífúyẹ́ ló máa ń tètè gòkè lójú oòrùn. Bó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù, tó dì síbẹ̀ láì yọ́, kò ní padà sókun, èyí tó wúwo á sì pọ̀ nínú omi tó ṣẹ́ kù. Lọ́dún 1967 Shackleton kọ ọ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí Emiliani pè ní òtútù, bí yìnyín ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀ ni. Emiliani kò gbà fún un, ó pẹ́ tí wọ́n fi jiyàn. Lójú mi, iṣẹ́ Emiliani kò ṣófo: lílọ-bíbọ̀ tó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín gba omi tó bẹ́ẹ̀ tí òkun fi wálẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà. Nígbà náà, etí òkun wa, láti Èkó dé Kútọnu, jìnnà sí ibi tó wà lónìí.

Lọ́dún 1976, James Hays, John Imbrie àti Shackleton ka 450,000 ọdún nínú ẹrẹ̀ gúúsù Òkun Íńdíà. Wọ́n rí i pé lílọ-bíbọ̀ yìnyín bá àyípadà bí ayé ṣe ń yí oòrùn po mu, ní nǹkan bí 100,000, 41,000 àti 23,000 ọdún. Milutin Milankovitch ará Sérbíà ti ṣírò irú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ti kú lọ́dún 1958, kò rí ẹ̀rí yìí.

Ẹrẹ̀ tiwa náà sọ̀rọ̀. Omi odò máa ń ní èròjà báríọ́ọ̀mù ju omi òkun lọ, fọraminífẹ́rà sì ń kó o sínú ìkarahun wọn, nítorí náà bí òjò bá pọ̀ tí odò kún, báríọ́ọ̀mù inú ìkarahun á pọ̀ sí i. Lọ́dún 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo èyí lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde nítòsí Kamẹrúùnù, níbi tí omi Odò Ọya àti Sanaga ń dé. Wọ́n ka ìtàn òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún 155,000 ọdún: ó ń pọ̀, ó ń dín kù, ó sì ń tẹ̀ lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àríwá jíjìn réré. Òjò tí àwọn àgbẹ̀ wa ń wojú rẹ̀ lónìí náà ni.

Ilé iṣẹ́ epo ní Niger Delta ti pẹ́ tí wọ́n ń fi fọraminífẹ́rà mọ ọjọ́ orí àpáta, ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi maikirosíkóòpù wò wọ́n. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Mo bẹ ìjọba, àwọn yunifásítì àti àwọn ilé iṣẹ́ epo náà: ẹ ná owó sórí ìtàn òjò bí ẹ ṣe ń ná an sórí epo, kí ẹ sì ṣí ẹrẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.