Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí là ń pe ọ̀gá tí kò gba lẹ́tà?

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sàngó, ẹ ó rí òṣìṣẹ́ tí ìwé pè ní kásúà, àmọ́ tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá há lóru, òun ni wọ́n ń ké sí. Ojúṣe gidi ni, bí kò tiẹ̀ sí lẹ́tà tó fi í sípò náà.

Bó bá ń wáṣẹ́ síbòmíì, orúkọ wo ló tọ́ sí i?

❌ "Súpáfáísọ̀": wọn ò fi yín jẹ ẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ bá wádìí, ó lè di wàhálà.
❌ "Kásúà" nìkan: ó bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀.
✅ "Aṣáájú ìdí ẹ̀rọ": òótọ́ ni. Ẹ wá to ohun tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì fi fọ́máànù tó mọ̀ yín ṣe ẹlẹ́rìí.

Òfin ńkọ́? Abala 7 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé, ó pẹ́ tán, láàárín oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irú iṣẹ́, owó ọ̀yà àti wákàtí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.