Àpò Kan, Àmì Kan

Bí ẹ bá kó ẹgbẹ́ jọ láti fi àgékù aṣọ òkè rán nǹkan ọ̀ṣọ́ tà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo: àpò ọwọ́ ẹtù aláwọ̀ aró. Etí tí a gé lára aṣọ òkè a máa tú. Ẹ ṣẹ́ etí náà kí ẹ tó rán an. Kí ẹnì kan rán an, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó fi àmì ẹgbẹ́ sí i. Bí ọ̀kan bá tú, oníbàárà kò ní bèèrè ẹni tí ó rán an. Ẹgbẹ́ ni yóò bá wí. Ẹ má tijú láti tú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yín nílé, kí ó má bàa tú lọ́jà.